Máíkù tí Yèyé Gbé Sókè Àjà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni nọ́ọ̀sì kan fi òwú tó ti rì sínú sípírítì nu apá mi kó tó gún mi lábẹ́rẹ́. N ò mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ náà wọlé. Òórùn sípírítì ti gbé mi lọ sí Ẹ̀fọ̀n, sí pálọ̀ ilé wa ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, níbi tí Bùọ̀dá Fọlá tú nǹkan kalẹ̀ sórí tábìlì, tí kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ mí sí i. Nọ́ọ̀sì rí omi lójú mi, ó ní, "Màmá, ṣé ó dùn yín ni?" Mo ní rárá. Ó dùn mí o, ṣùgbọ́n kì í ṣe apá.

Bùọ̀dá Fọlá ni àkọ́bí ìyá mi, èmi ni àbíkẹ́yìn. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni ní Ìjerò, bó bá sì wálé fún ìsinmi, kò sí ohun tó ní ìdè tí kì í tú. Ó rí máíkù àlòkù kan gbà ní Ìbàdàn. Ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù, ó fi fáàfù sí i, ìyẹn gílóòbù kékeré tó máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí a bá tan rédíò ayé ìgbà náà. Inú rédíò Bàbá wa ló ti yọ ọ́. Bàbá kò dárí rẹ̀ jì í bọ̀rọ̀. Ẹni tó bá béèrè ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, á ní kó lọ bi máíkù.

Yèyé, bí a ṣe ń pe ìyá wa nìyẹn, ní orin kan fún ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe orin tí ẹlòmíràn mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló hun wọ́n nígbà tó ń pọ̀n wá lọ sóko kòkó, ó sì ń kọ wọ́n títí a fi dàgbà. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó gbé tèmi, mo mọ̀ pé oúnjẹ ti jinná, ibi yòówù kí n wà ládùúgbò. Àmọ́ gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn, ó ń tóbi sí i, kò jẹ́ kó mí dáadáa mọ́. Dókítà ní àfi kí wọ́n gé e, ó sì sọ ojú abẹ níkòó: gẹ̀gẹ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ ibi tí ohùn ń gbà, ó ṣeé ṣe kí ohùn bá a lọ.

Ìdí nìyẹn tí Bùọ̀dá fi yá ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sínú tẹ́èpù níléèwé rẹ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo orin náà wọ tẹ́èpù ká tó gbé Yèyé lọ. Ó dán máíkù wò níṣojú wa, ohùn rẹ̀ mi ilé. Ṣùgbọ́n ikọ́ ń ṣe Yèyé lọ́wọ́, a ní ká dúró kí ikọ́ náà lọ ná. Bùọ̀dá gbé máíkù fún un pamọ́, ó kìlọ̀: "Ọ̀rinrin lọ̀tá rẹ̀ o. Ẹ má jẹ́ kó dé ibẹ̀." Ìgbà òjò sì ni, ní Ẹ̀fọ̀n tí kùrukùru ti ń wọlé bá èèyàn lórí ibùsùn.

Ikọ́ kò lọ títí ó fi ku ọ̀la ká lọ ilé ìwòsàn. Yèyé wé gèlè, ó jókòó, ó kọ orin Bùọ̀dá. Nígbà tí a gbọ́ ọ padà, àfi bíi pé ìlú Ìkọ̀gòsì lọ́hùn-ún ló ti ń kọrin. Bùọ̀dá pààrọ̀ bátìrì. Ó fi fáàfù mìíràn sí i. Ó gé wáyà, ó tún un so. Bákan náà ni. Yèyé fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Fọlá, fi í sílẹ̀. Uṣẹ́ rẹ kọ́ ló bàjẹ́. Ohùn mi ló ti lọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè. N kò rí i kí Yèyé juwọ́ sílẹ̀ rí, ẹ̀rù bà mí, mo sì ké bíi pé wọ́n pa mí lọ́mọ, lẹ́nu máíkù gan-an. Tẹ́èpù ṣì ń yí. Nígbà tí Bùọ̀dá gbọ́ igbe mi padà, kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Yèyé, ẹ gbọ́! Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ẹkún ọmọ yìí, máíkù nìkan ni kò gbọ́. Ohùn yín kọ́!"

Ó tú máíkù, ó gbé e símú. Ó ní ó ń rùn bí èéfín. "Yèyé, níbo lẹ gbé e sí?"

"Ṣé o ní ọ̀rinrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀? Ulé yìí tutù. Òkè àjà ni mo gbé e sí, lórí uná."

Òkè àjà, lókè ibi ìdáná, níbi tí irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀gúsí rẹ̀ wà, níbi tí ìyá tirẹ̀ náà ń gbé ohun tí kò fẹ́ kó bàjẹ́ sí. Lóòótọ́ ni ọ̀rinrin kò kàn án. Èéfín ọlọ́ràá ló bo inú rẹ̀, agbára ohùn sì ń gba ara ọ̀rá náà jò lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ fáàfù, bí omi inú kèrègbè tó sán. Bùọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní bí òun bá darúgbó, kí Yèyé jọ̀wọ́ má gbé òun sókè àjà. Yèyé gbá a lórí, jẹ́jẹ́.

Sípírítì àti òwú ló fi nù ún, díẹ̀díẹ̀, ó sì sá a sí ìwọ̀nba oòrùn tó yọ. Nígbà tó di ọ̀sán, Yèyé tún gèlè wé. Ó kọ orin wa láti orí àkọ́bí títí ó fi kàn mí. Nígbà tí a gbọ́ ọ padà, ohùn rẹ̀ kún gbogbo ilé, Bàbá tó ti ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ náà sì wọlé wá jókòó.

Dókítà kò purọ́. Yèyé padà wálé láàyè, ó sì pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n ohùn kò padà. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ilé aláriwo wa di ibi tí èèyàn ti ń rọra gbé ìkòkò kalẹ̀. Bó bá fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀, á fa orí rẹ mọ́ra, á fẹnu sí ọ létí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá mi wí nígbà tí mo di ọ̀dọ́bìnrin olóríkunkun. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe súre fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ọkọ. Àwọn èèyàn dúró yí wa ká, wọn kò gbọ́ nǹkan kan, èmi nìkan ni mo gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, fóònù yín ń gba ohùn láìsí fáàfù, àjà pàápàá kò sí nílé ìdáná yín mọ́. Ọmọ Bùọ̀dá ti gbé tẹ́èpù náà sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Mo gbọ́ ọ. Ó dùn, ó ròkè, inú mi sì dùn pé ó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àárò Yèyé bá sọ mí, kì í ṣe ohùn yẹn ni etí mi ń wá. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi bá wa sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, Bùọ̀dá sì ti ra ẹ̀rọ tirẹ̀ sílé, kò sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀, nítorí gbogbo wa rò pé ohùn ti tán.