Irin Tí Kò Sí Lábẹ́ Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà agbẹ̀bí, kó sọ̀rọ̀ àbùkù sí wágọ́nù rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti gbó. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kì í ṣí àfi kéèyàn fi èjìká tì í. Ṣùgbọ́n táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí, òun ni agbẹ̀bí sì fi ń gun òkè alámọ̀ ẹ̀yìn ìlú lọ bá àwọn aboyún.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ra ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun fún un. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bí òwú, èèyàn kì í sì í gbọ́ ìró rẹ̀. Ọmọ ní kí wọ́n ta wágọ́nù, ìyá kọ̀ jálẹ̀.

"Ká gbé méjèèjì lọ sí òkè," ó wí. "Bí wágọ́nù mi bá yọ̀, mo fiṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn."

Òjò rọ̀ mọ́jú. Ọmọ ló kọ́kọ́ gbéra. Kò tíì dé ìdajì òkè tí táyà ayọ́kẹ́lẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan, tí amọ̀ ń ta bo ọkọ̀ ọlọ́lá. Agbẹ̀bí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o, aláyọ́kẹ́lẹ́!"

Ọkọ agbẹ̀bí, tó dúró nísàlẹ̀ òkè, kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń mi orí.

Lọ́jọ́ kejì, agbẹ̀bí gbé akọni rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó lè bá a fọ amọ̀ abẹ́ rẹ̀. Mẹkáníìkì fa ara rẹ̀ yọ lábẹ́ ọkọ̀, ó ń wò ó.

"Ìyá, ta ló ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà?"

"Kí lo wí?"

"Irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí táyà ẹ̀yìn kò sí. Wọ́n ti tú u, ojú ibẹ̀ ti dógùn-ún. Táyà iwájú nìkan ló ń gbé yín kiri, ó sì ti pẹ́."

 Agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó fúnra rẹ̀. Òfìfo. Gbogbo ọjọ́ òjò tó ti fọkàn tán irin tí kò sí wá sí i lọ́kàn.

Ó bá ọkọ rẹ̀ nídìí aṣọ lílọ̀.

"Ta ló tú irin abẹ́ ọkọ̀ mi?"

Áyọ́ọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Èmi ni mo ní kí mẹkáníìkì àtijọ́ tú u."

"Ẹ̀yin! Ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Ká má rí i! Ẹ̀rù òkè yẹn ló ń bà mí. Mo rò pé bí ọkọ̀ bá kọ̀ ọ́ nísàlẹ̀, wàá jókòó tì mí nílé. Àfi bí o ṣe kọrin lọ, tí o kọrin bọ̀! Ẹnu yà mí lọ́jọ́ náà, ó ṣì ń yà mí. Báwo ni mo ṣe máa wá sọ ọ́?"

Agbẹ̀bí jókòó. Inú ń bí i, ẹ̀rín sì ń pa á. Bí kì í bá ṣe ọkọ̀, kí ló ń gòkè láti ọjọ́ yìí wá? Ó wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó mú kọ́kọ́rọ́ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ti fà jáde nínú amọ̀. "Ẹ bọ́ síwájú ọkọ̀."

"Níbo là ń lọ?"

"Òkè."

Òjò ń ṣẹ́. Ó fi táyà ẹ̀gbẹ́ kan sí etí ọ̀nà tó lókùúta, kò tẹ bíréèkì, kò sáré, kò dúró. Bàbá di ilẹ̀kùn mú gbágbá. Ọkọ̀ yọ̀ díẹ̀, agbẹ̀bí darí rẹ̀ padà, wọ́n sì kọjá ibi tí ọmọ wọn ti rì.

Lókè, bàbá ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ohun tí kò rí rí.

"Èyí náà gòkè," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ó gòkè. Ẹ má sì fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ o."

Ó gbé àpò iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn aboyún.