Ọ́ìlì Tí Bàbá Dominic Yàn fún Pijó Rẹ̀

Ìgbà ọdún Igógo ni ọ̀rọ̀ Bàbá Dominic tó gbajúmọ̀ jù ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹni márùn-ún ní Ọ̀wọ̀, márààrún ni yóò ní ojú òun ló ṣe. Jìbírílù mẹkáníìkì kò tilẹ̀ ní láti búra ní tirẹ̀, nítorí òun ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń tì í.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tó máa sọ fún un pé a kì í lùlù nígbà Igógo. Agogo là ń lù fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Bàbá Dominic mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Wolé-wolé ìjọba ló jẹ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí òfin tí kò mọ̀, títí kan àwọn tí ìjọba ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú Igógo ọdún 2022, ó gbé Pijó 504 rẹ̀ jáde láti ilé rẹ̀ ní Ìdáṣẹ̀n, ìyàwó rẹ̀, Mama Fúnmiọlá, jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń lọ sí ọsibítù. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún lọ: ko-ko-kó, ko-ko-kó. Ọmọ kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Géńdé mẹ́ta dá ọkọ̀ dúró.

"Bàbá, ẹ ń lùlù."

"Ta ní ń lùlù?"

"Ọkọ̀ yín ni."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹni tó bá ń lùlù gbọ́dọ̀ ní ọghọ́," ni ó wí. "Ẹ bá mi wá ọghọ́ tó wà nínú ibẹ̀."

Àwọn géńdé náà wò ó títí. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti orí bọ inú ẹ́ńjìnnì dé èjìká. Wọn kò rí ọwọ́ kankan. Wọ́n ti fẹ́ bẹ Bàbá kó máa lọ nígbà tí olóyè àgbà kan tó ń kọjá dúró, ó fetí sí i díẹ̀, ó sì mirí.

"Dominic, ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni ọ́. Ọghọ́ ló lù ú ni o, irin ló lù ú ni o, ìlù ni. Pa á."

"Aláìsàn ni mo gbé, olóyè."

"Gbé e lọ. Àmọ́ kí ọkọ̀ panu mọ́."

Ṣọ́ọ̀bù Jìbírílù kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Òun àti àwọn géńdé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti ọkọ̀ náà dé ọsibítù. Bàbá jókòó sídìí sítíárì pẹ̀lú ojú ẹni tí kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ sí. Ní gbogbo oríta, ó ń yọ ọwọ́ síta láti fi han àwọn ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn pé òun fẹ́ yà. Kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn. Jìbírílù nìkan ló wà níbẹ̀.

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú ilé Bàbá, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Àtọ̀gbẹ ti dá egbò sí Mama lẹ́sẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n gbọ́dọ̀ wẹ̀ ẹ́ ní ọsibítù. Jemimah, ọmọbìnrin wọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ti sọ tirẹ̀ tán. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá kọ̀ láti gbéra ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo, òun máa wá kó Mama lọ sọ́dọ̀ òun. Mama kò fẹ́ lọ. Ó ní gbogbo ewébẹ̀ tí òun gbìn sẹ́yìn ilé ló mọ orúkọ òun, ní Àkúrẹ́, ta ló mọ̀ ọ́n? Bàbá kò sọ tirẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i bó ṣe ń nu Pijó yẹn ní alẹ́ ọjọ́ Ajé mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá nìkan jẹun.

Ohun tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo wàhálà náà ni oore. Kingsley, ọkọ Jemimah, ló ra gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì olówó ńlá kan fún Bàbá, 5W-30, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàbá dà á sínú Pijó tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Láti ọjọ́ náà ni ìlù ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tì í, Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù Jìbírílù pẹ̀lú áńkáṣíìfù funfun, aago ọwọ́, àti àwo tánńganran mẹ́rin.

"Jìbírílù, kó gbogbo ọ́ìlì tó o ní síta. Mo fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò."

Kò sí bí a ṣe ṣe ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Kí Bàbá tó ṣe ohunkóhun, ó kọ́kọ́ bojú wo inú gálọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń bọ̀ ní Ìdógun tàbí Àfọ, àwọn obìnrin a ti da omi àmù wọn nù kó tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Jìbírílù sọ fún un pé ẹ̀fọn kì í yé sínú ọ́ìlì.

"Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Àfọ náà nìyẹn," ni Bàbá fèsì.

Jìbírílù, ẹni tó ti fi ọdún méjìlélógún tún ọkọ̀ ṣe, fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un. Ó ní nọ́ńbà méjì ló wà lára ike ọ́ìlì. Ti iwájú, èyí tí W tẹ̀ lé, ń sọ bó ṣe máa ṣàn láàárọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ti ẹ̀yìn ń sọ bó ṣe máa ki tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná. "Bàbá, irin inú Pijó yín ti jẹ, àyè ti wà láàárín wọn. Ọ́ìlì Kingsley ti fẹ́lẹ́ jù, ìdí nìyẹn tí tápẹ́ẹ̀tì, àwọn irin kéékèèké orí ẹ́ńjìnnì yẹn, fi ń pariwo. 20W-50 ló tọ́ sí i. Ó ki níwọ̀n, ó sì ṣàn níwọ̀n."

"Kí ni W yẹn?"

"Ti òtútù ni, Bàbá."

"Wolé-wolé ni," ni Bàbá wí, kò sì sí ẹni tó lè yí i lọ́kàn padà títí ó fi kú.

Lẹ́yìn náà ni ó gbé páànù ìkọ́lé kan ti ògiri, ó fi ìka kán ọ́ìlì mẹ́rin sí òkè rẹ̀, ó sì wo aago. Iṣẹ́ dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn oníbàárà kó jọ, oníkálukú mú ọ́ìlì tirẹ̀, wọ́n ń pè é ní orúkọ kó sáré. 5W-30, irú ti Kingsley, ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Bàbá wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ó ní ẹni tó ń sáré báyìí kò lè gbé ilé àgbàlagbà. 20W-50 ṣe ipò kejì. Èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá ni ọ́ìlì 50 kan tí kò ní W rárá, èyí tí Jìbírílù tọ́jú fún ẹ̀rọ ìlọgi kan. Nígbà tí ó fi máa dé ìdajì páànù, wọ́n ti pe ìrun.

"Èyí ló ní sùúrù," ni Bàbá wí. "Òun ni mo yàn."

"Bàbá, ó ti ki jù."

"Bí o bá fún arúgbó ní ògì tó ń ṣàn, ṣé ó lè yó?"

"Bí ẹ bá sì fún un ní iyán tó le bí òkúta, ó máa há a lọ́fun."

"Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, Jìbírílù. Wọn ò sọ pé ẹnu mẹkáníìkì."

Ó gbé ọ́ìlì 50 lọ sílé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun fi agolo gírísì kan kún un kó lè dá òun lójú. Mama rí i, ó béèrè ohun tó ń rò nínú ìkòkò, Bàbá ní oúnjẹ ọkọ̀ ni.

A kò gbọ́dọ̀ purọ́ mọ́ òkú. Pijó dákẹ́. Ó dákẹ́ débi pé àwọn ará àdúgbò ń wá gbọ́ bí kò ṣe ń dún. Bàbá fi ọjọ́ tó kù nínú Igógo gbé e kọjá níwájú ilé olóyè àgbà yẹn, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, ó ń mirí sí i láti inú ọkọ̀. Àwọn tó jókòó níwájú ilé olóyè ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọkọ̀ náà ń di ìwọ̀sí.

Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ọyẹ́ dé ní oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mama ti wọṣọ, ó ti jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú káàdì ọsibítù lọ́wọ́. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì ní hẹ̀ẹ̀n, ó sì gbé ẹnu sọ́hùn-ún. Ó tún yí i, ó ní hẹ̀. Ọ́ìlì ti dì sísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì bí ẹ̀kọ inú ewé.

Bàbá yọ búláńkẹ́ẹ̀tì lórí ibùsùn, ó fi bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kó ìgò omi gbígbóná mẹ́ta yí ẹ́ńjìnnì ká. Ó gbé kóòlù pọ́ọ̀tù tó kún fún ẹ̀yín iná sábẹ́ ọkọ̀, ohun tí ó ti torí rẹ̀ gbé èèyàn lọ sí kóòtù nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Níkẹyìn, ó gbàdúrà sí Màríà Mímọ́, ó sì tún yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ kò gbéra. Mama kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Papa," ni ó wí jẹ́jẹ́, "Jemimah máa pè ní aago mẹ́wàá."

Ọ̀kadà ni wọ́n gbà. Mama jókòó láàárín, Bàbá jókòó lẹ́yìn, ó na ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ síta, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dúró kí eruku má kan egbò. Jìbírílù rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rí ojú Bàbá, ẹ̀rín náà sì sá.

Jemimah pè ní aago mẹ́wàá. "Mama, ṣé ọkọ̀ gbéra?"

"A ti dé ọsibítù kí nọ́ọ̀sì tó dé," ni Mama fèsì. Òtítọ́ sì ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá fẹsẹ̀ rìn wá bá Jìbírílù. Kò gbé àwo wá, kò gbé aago wá.

"Ọ́ìlì yẹn ti fẹ̀yìn tì," ni ó wí. "Wá fi òmíràn sẹ́nu iṣẹ́."

Jìbírílù bá a lọ sílé. Ó fa ọkọ̀ náà jáde sí oòrùn, ó fọ inú ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ó rí gírísì, ó wo Bàbá, Bàbá wo igi. Ó da 20W-50 sí i, ó wo géèjì ọ́ìlì, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò ju ti àgbàlagbà tó ń wúkọ́ lọ.

Ẹ lè rò pé Bàbá máa dúpẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti ń sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ló ṣe ìwádìí tí òun fi rí 20W-50. Ó ní òun gbìyànjú èyí tó fẹ́lẹ́, òun gbìyànjú èyí tó ki, òun wá rí i pé àárín ló dára, òun sì ti kọ́ Jìbírílù. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ Jìbírílù pé, "Bá mi da ọ́ìlì tí Bàbá kọ́ ẹ." Ó dùn ún wọra. Odindi oṣù mẹ́ta ni ó fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé irọ́ ni, òun lòun sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí sì wà. Bàbá ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò bákan náà. Wọn a jà, Bàbá a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun rẹ̀, a sì lọ.

Bàbá Dominic kú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Àjíǹde, nínú oorun. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n sin ín. Jemimah àti Kingsley dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti di ẹrù Mama sínú bààgì méjì. Kò sí ẹni tó máa wa ọkọ̀ fún un mọ́, wọ́n sì máa ti ọsibítù gbà lọ sí Àkúrẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà, Jìbírílù kí ìrun tán, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìdáṣẹ̀n. Kò sí ẹni tó pè é. Kò mọ ohun tó máa sọ bí ó bá débẹ̀. Nígbà tí ó wọ àgbàlá, Mama ti jókòó sẹ́yìn Pijó, ó ti wọ aṣọ dúdú, káàdì ọsibítù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jemimah dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

"Bọ̀dá Jìbírílù, ta ló ránṣẹ́ sí yín?"

"Kò sí o, àǹtí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni."

"Mo ti sọ fún ọ," ni Mama wí fún ọmọ rẹ̀. "Papa ní kí n má bá ẹnikẹ́ni lọ. Wọ́n ní bí àwọn bá kú, Jìbírílù máa wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní, ṣé ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ ni? Wọ́n ní rárá, kò nílò kí àwọn sọ ọ́."

Jìbírílù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n má bàa rí ojú òun. Ó wo géèjì fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sídìí sítíárì, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ gbéra. Jemimah fetí sí ẹ́ńjìnnì náà. Ó gbé bààgì àkọ́kọ́ padà sínú ilé, ó sì jáde wá gbé ìkejì.

Wọ́n dé ọsibítù kí nọ́ọ̀sì tó dé. Nígbà tí Mama ti wọlé, ọkùnrin kan tó gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Pijó wò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí mà ti dàgbà o. Ọ́ìlì wo lẹ ń dà sí i?"

"20W-50," ni Jìbírílù fèsì. "Bàbá kan ló kọ́ mi."