Ìyá Aago Ilé Búrẹ́dì

Obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aago kò ta aago rí, kò sì tún un ṣe. Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tó sì mọ̀ jù ni kí ó po ìyẹ̀fun kí ó má le jù, kí ó má sì rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ tuntun bá dé, òun ni wọ́n máa ń ní kí ó mú un lọ sídìí aago, kí ó sọ ìtàn rẹ̀ fún un. Ó sọ ìtàn náà títí tó fi jẹ́ pé àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló kù tó ń pe orúkọ tí òbí sọ ọ́.

Aago náà, irú èyí tí wọ́n ń fi okùn fà kí ó dún kí iṣẹ́ lè dúró, wà lára òpó kan láàárín gbọ̀ngán, níbi tí ẹ̀rọ ìpo-ìyẹ̀fun àti ààrò ti kọjú síra. Okùn rẹ̀ gùn wálẹ̀ débi tí ẹni tó kúrú jù lọ lè nawọ́ mú un. Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Màmá Ńlá, tó dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀, ló ra aago náà nígbà tí òṣìṣẹ́ kò tíì pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ rí i pé ìgò ti fọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìyẹ̀fun tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ẹ̀rù bà á láti sọ̀rọ̀, nítorí búrẹ́dì ti wà nínú ààrò, àwọn oníbàárà sì ti ń kan ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, ó fa okùn. Màmá Ńlá sáré jáde, ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì ní kí wọ́n kó gbogbo búrẹ́dì ọjọ́ náà dànù. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ọwọ́ agbálẹ̀ náà sókè lójú gbogbo ènìyàn, ó ní, “Ọwọ́ tó bá fa okùn yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a wí.”

Bí Ìyá Aago bá sọ ọ́ dé ibí yìí, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wá ní kí òṣìṣẹ́ tuntun náà di okùn mú. Dídì mú ni o, kì í ṣe fífà. Kò sí ẹni tó jẹ́ fi okùn yẹn ṣeré. Bí wọ́n bá ń nu òpó, ńṣe ni wọ́n máa ń rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.

Ìyá Aago gba ìtàn náà gbọ́. Ó ní ìdí tó fi gbà á gbọ́. Nígbà ayé Màmá Ńlá, ìṣojú Ìyá Aago ni wọ́n ṣe fa okùn náà nítorí eku tó kú sínú táńkì omi, àti nígbà kan tí ooru ààrò mú kí òyì kọ́ ọkùnrin kan tó sì ṣubú. Lọ́jọ́ méjèèjì, iṣẹ́ dúró, kò sì sí ẹni tí wọ́n bá wí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkọ àbúrò rẹ̀ kọ ìyàwó àti àwọn ọmọ sílẹ̀, tí àbúrò náà wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nínú yàrá méjì, tó ń wá iṣẹ́ kiri, ó sọ fún un pé, “Máa bọ̀ níbi tiwa. Àwọn tiwa kì í rẹ́ni jẹ.”

Aláwàdà ni wọ́n ń pe àbúrò yìí, orúkọ náà sì bá a mu. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú un dé ìdí aago, tó sọ ìtàn náà parí, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé aago yìí náà ń gba owó oṣù ni?”

“Di okùn mú jàre, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mo ti dì í mú. Ṣé kí n kúnlẹ̀ kún un?”

“Bí o bá ti rí ohun tí kò dára, fà á. Ohun tí mo ń sọ fún ẹ nìyẹn.”

“Bí mo bá rí ojú yín láàárọ̀ ńkọ́? Ṣé kí n fà á?”

Gbogbo àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aago náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbá a lẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́ tó kún fún ìyẹ̀fun.

Nígbà tó yá, Màmá Ńlá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ta ilé búrẹ́dì náà. Àwọn olówó tó rà á fẹ́ràn ìtàn aago ju àwọn ọmọ Màmá Ńlá lọ. Mánéjà tí wọ́n rán wá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, tó ń fi ẹ̀yin bá agbálẹ̀ pàápàá sọ̀rọ̀. Ó ní kí Ìyá Aago jókòó kí ó sọ ìtàn náà fún òun, ó tún ní kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ wúrà kun aago, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ọ̀rá búrẹ́dì, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Màmá Ńlá gàdàgbà sára ògiri. Inú Ìyá Aago dùn lọ́jọ́ náà débi tó fi pe àwọn ará ilé rẹ̀ wá wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí àwọn olówó ń mú àlejò bọ̀ wá wo ilé iṣẹ́ ni nǹkan bàjẹ́. Aláwàdà wà nídìí ajọ̀ ńlá tí ìyẹ̀fun ń gbà kọjá kó tó bọ́ sínú ẹ̀rọ. Ó rí i pé ojú ajọ̀ ti ya, àwọn ègé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti já kúrò lára rẹ̀ bọ́ sínú ìyẹ̀fun. Ó pariwo, ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó sáré lọ sídìí aago, ó fa okùn.

Aago kò dún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó so rọ̀ mọ́ ọn. Aago ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó ń dán, kò sì sọ nǹkan kan. Àwọn tó rí i ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ ẹni tó jẹ́, wọ́n rò pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà náà ló sáré lọ sídìí ògiri, tó fa ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń pa iná gbogbo ilé wálẹ̀. Ẹ̀rọ dúró, ààrò kú, gbọ̀ngán ṣókùnkùn, àwọn àlejò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ni.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó kun aago ti yọ irin inú rẹ̀ tó ń mú un dún kí ọ̀dà má bàa ta sí i, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ sí ilé ìkẹ́rù. Láti ìgbà tí wọ́n ti kùn ún, gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun ló ti di okùn yẹn mú. Kò sí èyí tó fà á, torí wọ́n ti sọ fún wọn pé a kì í fà á lásán.

Mánéjà ní kí Aláwàdà máa lọ sílé, kí ó má padà wá mọ́. Ìyá Aago kò tilẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kó tó wọ ọ́fíìsì Mánéjà.

“Ẹ jókòó, Mà.”

“Mi ò jókòó. Àbúrò mi fa okùn. Ẹ̀yin náà sì mọ ìtàn yẹn.”

“Mo mọ̀ ọ́n, Mà. Ṣé ẹ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bá a wí nítorí okùn? Iná ló pa. Ẹlẹ́rọ nìkan ló láṣẹ àtipa iná.”

“Aago ni kò dún!”

“Kò dún lóòótọ́, ó sì dùn wá. A ti dá irin rẹ̀ padà.”

“Bí ó bá jẹ́ pé ó dún ńkọ́?”

“Bí ó bá jẹ́ pé ó dún, à bá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè lójú àwọn àlejò. Ṣé ẹ rò pé kò wù mí bẹ́ẹ̀? Inú wọn ìbá dùn gan-an.” Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn, ojú rẹ̀ kò sì fi ẹ̀tàn hàn.

“Ìyẹ̀fun tó ti bọ́ sábẹ́ ajọ̀ yẹn ńkọ́?”

“Wọ́n ti bu ojú rẹ̀ dànù.”

“Ìyókù rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹ ṣé tí ẹ wá, Mà.”

Ó ń gbọ́ ìró ààrò lẹ́yìn ògiri. Wọ́n ti tún tàn án.

Nígbà tí Ìyá Aago délé, ó bá Aláwàdà lórí bẹ́ẹ̀dì, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Kí ni wọ́n wí? Ṣé wọ́n ní kí n mú ọwọ́ mi wá kí wọ́n bá mi gbé e sókè?”

Ìyá Aago mi orí. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ bọ́ bàtà kan.

“Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo yẹ̀yẹ́ tí mo ń fi yín ṣe yẹn, ṣé ẹ mọ̀ pé mo gbà yín gbọ́?”

Ìyá Aago dá a lóhùn pé òun mọ̀. Ó jáde lọ pọn omi tí ẹnikẹ́ni kò ní kó pọn. Ó rò ó pé òun náà á fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ní láti jẹun, onílé kò sì ní gba ìtàn aago dípò owó ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ síbi iṣẹ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, wọ́n gba obìnrin mìíràn sí ipò Aláwàdà. Mánéjà fúnra rẹ̀ ló mú un wá sídìí aago. Ìyá Aago wo obìnrin náà. Ó kéré lọ́jọ́ orí, ó ti lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ bí aṣọ ọjọ́ ìsinmi, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó fẹ́ ṣe dáadáa.

“Bí o bá rí ohun tí kò dára,” ni Ìyá Aago wí, “má fa nǹkan kan. Sọ ọ́ sétí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí ìwọ máa bá iṣẹ́ rẹ lọ.”

Obìnrin náà kọ́kọ́ ya ẹnu, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Mánéjà náà rẹ́rìn-ín. “Ìyá wa fẹ́ràn àwàdà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ọ́ lónìí, Mà, ó ti rẹ̀ yín.”

Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Kò fi kún un, kò yọ nínú rẹ̀. Níbi tí Ìyá Aago ti máa ń rẹ ohùn sílẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Níbi tó ti máa ń dákẹ́, ó dákẹ́. Nígbà tó dórí ọwọ́ agbálẹ̀ tí wọ́n gbé sókè, omi lé sójú obìnrin tuntun náà. Ìyá Aago nímọ̀lára pé nǹkan kan ń gbóná ní ojú òun náà, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì fi apá aṣọ nù ún. Ìtàn náà dára. Ó mọ gbogbo ohun tó mọ̀, síbẹ̀ ó dára.

“Ẹ bá wa mú un lọ sídìí ajọ̀, Mà,” ni Mánéjà wí.

Ó mú un lọ. Wọn kò pààrọ̀ ajọ̀ náà. Wáyà mìíràn ni wọ́n fi rán ibi tó ya, ojú rírán náà sì rí jákujàku. Obìnrin náà fi ìka kàn án.

“Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí, Mà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni Ìyá Aago wí, ó sì fi ibi tí yóò dúró sí hàn án.