Bí Ọpẹ́dayọ̀ Ṣe Fọ Kásẹ́ẹ̀tì Ìsìnkú

Ọpẹ́dayọ̀ ọmọ Lájídé ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Kabba, lójú ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹni tó bá ní kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ìgbéyàwó ni o, ìsọmọlórúkọ ni o, òun ni wọ́n ń gbé e tọ̀ lọ. Yóò gbé ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, yóò fi sọ́fúwíà AI fọ̀ ọ́. Àwòrán kékeré yóò di ńlá, èyí tó ṣú yóò mọ́lẹ̀. Wọ́n ń wá bá a láti Mopa, láti Ekinrin-Adde. Ó ti tó ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì. Kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀, òun ni mo fẹ́ kọ.

Èmi náà ti ya fídíò rí. Ogún ọdún ni mo fi gbé kámẹ́rà léjìká, kí àwọn tó ń fi fóònù yà á tó dé. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ ọ̀rọ̀ yìí tinú tẹ̀yìn.

Rhoda lorúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ Bùnù ni. Ní ilé bàbá Rhoda, wọ́n ní aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń gbé kọ́ ojú ilé bí àgbà bá kú. Wọn kì í tà á. Wọn kì í gé e. Wọ́n ń yá ènìyàn lò ni, tí wọ́n bá lò ó tán, yóò padà sínú àpótí. Nígbà tí bàbá ọkọ Rhoda kú ní 1997, Rhoda lọ bẹ àwọn arákùnrin rẹ̀ ní Bùnù, wọ́n yá a ní ọ̀kan. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un.

Wọ́n gbé aṣọ náà kọ́ láti àárọ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, wọ́n ká a, wọ́n gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Rhoda ní kí òun wá gbé e sínú àpótí. Kò bá a níbẹ̀ mọ́.

Òkú náà ní ọmọkùnrin mẹ́ta. Lájídé ni àgbà, òun ni ọkọ Rhoda. Olúbọ̀dé ló tẹ̀ lé e, Philip ni àbíkẹ́yìn. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Olúbọ̀dé dìde nínú ìpàdé ẹbí. Ó ní Rhoda ti ta aṣọ ilé bàbá ara rẹ̀ fún àwọn tó ń ra ohun àtijọ́ fún òyìnbó. Ó ní òun rí àjèjì kan tó ń bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilé. Lájídé dorí kodò. Àwọn ìyàwó ilé gbé orin. Olè aṣọ òkú ni orin náà, ìyókù kò ṣeé kọ. Wọ́n fi orin náà sin Rhoda dé ojú títì.

Bùnù náà kò gbà á. Aṣọ wọn ló sọnù. Ó lọ ń ta iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ ní Ẹ̀júkù, ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún kejìlá.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọpẹ́dayọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọrin. Ilé bàbá rẹ̀ ló wà, ilé kan náà tí wọ́n ti lé ìyá rẹ̀ jáde. Ní ilé ìwé, ọmọ olè ni wọ́n ń pè é. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé òun máa ń ka orúkọ àwọn tó gbé orin náà kí òun tó sùn, bí ẹni ń gbàdúrà. Obìnrin mẹ́sàn-án. Mẹ́fà ti kú. Ó mọ ọjọ́ tí oníkálukú kú.

Ní 2021, Lájídé kú. Nínú àpótí rẹ̀ ni Ọpẹ́dayọ̀ ti rí kásẹ́ẹ̀tì ìsìnkú náà. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó wò ó títí. Níbi tí àwọn ènìyàn ti ń jẹun, ọkùnrin kan wà lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún, lọ́nà ilé ìdáná, tó ń ti nǹkan pupa bọ abẹ́ agbádá. Ó yára jáde. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Ojú rẹ̀ kò ju èékánná lọ, ó sì rí bí ẹni tó wà nínú kùrukùru.

Ó gbé e sínú sọ́fúwíà. Ó fi gbogbo nǹkan sí òkè pátápátá. Ó ní kí ó sọ àwòrán di ìlọ́po mẹ́rin, kí ó pa gbogbo ìdọ̀tí rẹ́, kí ó tún ojú ṣe. Kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Nígbà tó parí, ojú náà jáde. Ojú dán, eyín funfun. Philip ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Olúbọ̀dé àti Philip jọra púpọ̀, ìyá kan, bàbá kan. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju ilà lọ. Ìyá àgbà ló ní kí wọ́n kọ ilà fún Olúbọ̀dé ní kékeré, mẹ́ta mẹ́ta, tó pàdé létí ẹnu. Kàdúná ni wọ́n bí Philip sí, níbi tí bàbá wọn ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè. Kò ní ilà.

Ọpẹ́dayọ̀ kò dúró. Ó tẹ àwòrán náà sórí bébà, ó gbé e lọ bá Philip nílé, lójú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn tó wá kí i lẹ́yìn ìsìn. Ó pè é ní olè. Ó ní ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ orin yẹn fún nìyí. Philip wo àwòrán náà pẹ́. Ó ní ojú òun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́. Àwọn àlejò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ọjà ti gbọ́.

Èmi náà gbọ́. Mo gun ọ̀kadà láti oko, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kí i ní okun o, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa, ó dá mi lóhùn. Mo ní kí ó fi fídíò náà hàn mí.

Mo wò ó. Èmi ni mo ya ìsìnkú náà, èyí sì mọ́ ju bí mo ṣe yà á lọ. Ìyẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Obìnrin kan wà níwájú tó ń bu oúnjẹ. Mo nawọ́ sí i.

"Ta nìyí?"

"Ìyá Àsíyátù ni, Bàbá Fídíò. Ẹ ò dá a mọ̀ mọ́ ni?"

"Ilà rẹ̀ dà?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ilà Ìyá Àsíyátù ní àdúgbò wa. Ó jìn débi pé àwọn ọmọdé máa ń fi ìka tọ̀ ọ́. Nínú fídíò yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dán bí ti ọmọ tuntun. Ọpẹ́dayọ̀ wo bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀, òun náà kò ní. Ó wo ẹlòmíràn. Kò sí àgbà kan tó ní ilà nínú ìsìnkú náà. Ní Kabba. Ní 1997.

Mo sọ ohun tí mo rò fún un. Ẹ̀rọ náà rí ilà, ó rò pé kásẹ́ẹ̀tì ló ha. Ó pa á rẹ́ bí ó ṣe pa àwọn ibi tó ha rẹ́. Níbi tí kò ti rí nǹkan tó dájú, ó dá tirẹ̀ sí i. Ojú tó bá dá báyẹn, kì í ṣe ojú ẹnikẹ́ni.

"Mo ti pe Philip ní olè," ó ní.

"Bí wọ́n ṣe pe ìyá rẹ."

Mo padà sílé lọ mú ohun kan wá.

Kásẹ́ẹ̀tì ọwọ́ bàbá rẹ̀, ẹ̀dà ẹ̀dà ni. Bí wọ́n bá ṣe ń dà á kọ, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ń kú. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré tó ti inú kámẹ́rà jáde wà lọ́wọ́ mi, nínú agolo bisikíìtì, ó ti lé lógún ọdún. N kò wò ó rí. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi nítorí ìyẹn, kí ó bú mi.

A ṣe é bí ó ṣe yẹ. Mo fi sipíríìtì nu orí ẹ̀rọ tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì. A yí kásẹ́ẹ̀tì náà lọ dé òpin, a yí i padà, kí ó lè tú lára. Fídíò ayé ìgbà yẹn, ìlàjì ìlàjì ni àwòrán rẹ̀ ń wá. Bí ènìyàn inú rẹ̀ bá yára, etí àwòrán rẹ̀ á ya bí eyín òòyà. Ìlàjì méjèèjì yẹn ni Ọpẹ́dayọ̀ kọ́kọ́ so pọ̀. Lẹ́yìn náà ló nu ìdọ̀tí, díẹ̀ péré. Kò fọwọ́ kan ibi tí wọ́n ti ń tún ojú ṣe. Ìlọ́po méjì ló sọ ọ́. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló ń gé dán wò, Ìyá Àsíyátù ló sì fi ṣe òṣùwọ̀n. Bí ilà rẹ̀ bá ti ń parẹ́, a mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù, a ó dín in. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ṣe é. Àwòrán náà kò dán bíi ti àkọ́kọ́, ó dà bíi pé iyanrìn wà lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àgbà ibẹ̀ ló ti gba ilà wọn padà.

Ọkùnrin tó gbé nǹkan pupa yíjú sápá òsì kí ó tó jáde. Ilà mẹ́ta, létí ẹnu.

Ọpẹ́dayọ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ó dára. Ó ṣì wà láàyè."

Ọ̀dọ̀ Philip ló kọ́kọ́ lọ. Ó ní kí wọ́n pe àwọn àlejò ọjọ́sí padà, ó kúnlẹ̀ lójú wọn. Philip wo fídíò tuntun. Ó ní òun fúnra òun ni yóò pe ìpàdé ẹbí.

Olúbọ̀dé ti lé ní àádọ́rin ọdún. Alàgbà ìjọ ni, ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ó wọ ìpàdé náà tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ọpẹ́dayọ̀ fi fídíò sára ògiri. Èyí tí kò fọ̀ ló kọ́kọ́ fi hàn, èyí tó fọ̀ tẹ̀ lé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ó fi nǹkan kún un. Olúbọ̀dé ní ẹ̀rọ lè dá ojú. Ó ní ṣebí ẹ̀rọ kan náà ló dá ti Philip lọ́jọ́sí. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ wọ̀ wọ́n létí. Ọpẹ́dayọ̀ ní kí àwọn ìyá àti bàbá tó wà níjókòó wá ara wọn rí nínú fídíò, kí wọ́n wo ojú ara wọn nísinsìnyí, kí wọ́n ka ilà. Wọ́n kà á. Ó pé. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọpẹ́dayọ̀ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Philip ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé e àbí ẹ ò gbé e?"

Olúbọ̀dé jókòó. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

"Èṣù ò ní ilà lẹ́nu," Philip ní.

Ọpẹ́dayọ̀ kò ní kí ó san nǹkan kan. Ó ní kí ó tẹ̀ lé òun lọ sí Bùnù ní ọ̀sán gangan, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú àwọn arákùnrin Rhoda. Ó lọ. Ó sọ ọ́. Ó ní aṣọ náà ti bá oníṣòwò lọ láti ọjọ́ náà. Àgbà ilé náà gbọ́ ọ tán. Ó ní aṣọ ìpò kan ṣì kù fún àwọn. Ó ní ọjọ́ tí Olúbọ̀dé bá kú, ọwọ́ Ọpẹ́dayọ̀ ni kí wọ́n ti wá bèèrè rẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n yá a, wọn yóò yá a. Bí ó bá ní rárá, kò sí.

Èyí ló ba Olúbọ̀dé lẹ́rù ju ìtìjú lọ. Ní ìdílé wọn, àgbà tí kò bá rí aṣọ pupa, bí ọmọdé ni wọ́n ṣe ń sin ín. Ó wá ń yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kó iṣu wá, ó fa ewúrẹ́ wá. Ọpẹ́dayọ̀ ní kí wọ́n fa ewúrẹ́ padà. Lọ́jọ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ó mú pásítọ̀ wá, ó sì dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà.

"Ọmọ mi, dárí jì mí. Kristẹni ni ọ́."

"Mo ti dárí jì yín, Bàbá. Aṣọ ni ẹ ò ní rí."

Pásítọ̀ bi í pé irú ìdáríjì wo nìyẹn. Ó ní èyí tó wà lọ́wọ́ òun nìyẹn. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà.

Ọyẹ́ tó kọjá ni Olúbọ̀dé kú. Testimony, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wá láti Abuja. Ó kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní wọn kò tíì bí òun nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Òótọ́ ni. Ọpẹ́dayọ̀ gbé e dìde, ó fún un lómi, ó ní kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Ó wá tẹ Bùnù láago lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ. Rárá ni.

Wọ́n sin Olúbọ̀dé. Ojú ilé ṣófo. Àwọn tó ń kọjá wò ó, ó yé wọn. Ọpẹ́dayọ̀ wá. Ó jókòó níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò jẹun, kò mumi.

Àwọn kan ní ó le jù. Pásítọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà wàásù láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, Ọpẹ́dayọ̀ jókòó níbẹ̀, ó gbọ́ ọ. Nígbà tí a jáde, mo bi í bóyá ó ti tó báyìí. Ó ní ọdún méjìlá ni ìyá òun lò ní Ẹ̀júkù. Ó ní ìtìjú ojú ilé Olúbọ̀dé tó ṣófo kò tíì pé oṣù kan.