Ọjọ́ Tí Pasing Wọ Ọkọ̀ Nestor

Ní abúlé wa ní erékùṣù Guimaras, Pasing ló máa ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Àwọn nọ́ọ̀sì ìlú ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka òṣùwọ̀n, àti bí wọ́n ṣe ń bá ìyá tí kò rẹ́rìn-ín mọ́ sọ̀rọ̀. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkun ń bà á. Ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá sí ìlú Iloilo pàápàá, ojú dídì ló fi ń wọ̀ ọ́.

Ọmọ mẹ́ta ló ń pè é ní ìyá, ṣùgbọ́n mẹ́rin ló bí. Èkejì kú kó tó ké. Ìyá ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sin, ó dé, ó sì gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọdún mọ́kànlá ni Pasing fi rò pé orí òun ló fẹ́ dàrú, kí nọ́ọ̀sì kan tó bi í lọ́jọ́ kan pé, "Kí lorúkọ ọmọ náà?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń lọ jókòó ti ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí.

Oyún Luding, ìyàwó Nestor tó ń dẹ akàn, pé oṣù mẹ́jọ, ọmọ inú rẹ̀ ò mira mọ́. Ní ilé ìwòsàn ìlú, ó bí ọkùnrin kan tí kò mí. Ilario ló sọ ọ́. Àwọn ará abúlé gbé ìrẹsì àti adìẹ wá, wọ́n ń sọ pé, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

"Omi tẹ́ ẹ̀ ń wí yẹn lórúkọ o," Pasing dá wọn lóhùn. "Ilario ni."

Kò sọ fún Luding pé kó má sunkún. Nígbà tí wàrà kún ọmú rẹ̀, tí kò sì sọ́mọ tí yóò mu ún, Pasing ló ń fi aṣọ tútù lé e. Luding sunkún, ó sọ̀rọ̀, ó tún sunkún.

"Ọkọ ẹ ńkọ́?" Pasing bi í.

"Òkun ló kù tó fẹ́, Àǹtí. Kò dárúkọ ọmọ náà rí. Bóyá kò tiẹ̀ dùn ún."

Pasing kọjá sí etíkun. Nestor ń kó pàkúté akàn sínú ọkọ̀.

"Ara mi le, Àǹtí," ló kọ́kọ́ sọ. "Luding ni kẹ́ ẹ lọ wò."

"Mo ti wò ó. Èmi àti ìwọ la jọ ń lọ sójú omi."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bì tẹ́ ẹ bá rí omi nínú garawa?"

"Fà mí sókè, jàre!"

Wọn ò tíì jìnnà tí èébì fi gbé Pasing. Ó bì sínú ìkòkò ìrẹsì tí Nestor fẹ́ jẹ lọ́sàn-án. Nestor bú sẹ́rìn-ín. Ó rín, ó rín, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún, ó sì fi orí lé orí àjẹ̀.

"Èmi ni mo gbé pósí ẹ̀," ó sọ. "Apẹ̀rẹ̀ akàn tí mò ń gbé lójoojúmọ́ wúwo jù ú lọ. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé, Luding ńkọ́? Mo ń sọ pé ó ń gbìyànjú."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mi ò rí oorun sùn. Tí mo bá dá wà lórí omi, ó ń ṣe mí bíi kí n má padà wálé mọ́."

Pasing nu ẹnu rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ́ ọ pé kó má fi irú ìbéèrè yìí pa mọ́. "Nestor, ṣé o ń rò ó láti pa ara ẹ?"

Nestor gbé orí kúrò lórí àjẹ̀. "Nígbà míì."

"O ṣeun tó o sọ fún mi." Kò bá a wí, kò sì rán an létí pé ọkùnrin ni. "O ò ní dá wọ omi mọ́. Lọ́la, a jọ ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ṣé kí Luding gbọ́?"

"Ẹ bá mi sọ ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Nígbà tí Luding gbọ́, ńṣe ló di ọkọ rẹ̀ mú. "Mo rò pé o ti gbàgbé ẹ̀," ló ń wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn méjèèjì jọ sunkún. Ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọdá sí Iloilo, Pasing di ike èébì mọ́wọ́.

Ara Nestor kò yá kíá. Nestor lo oògùn, ó ń lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, àbúrò Luding sì ń bá a wọ ọkọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí Luding tún lóyún, ẹ̀rù bà wọ́n ju bí inú wọn ṣe dùn lọ. Obìnrin ló bí, ó sì ké tantan. Síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kọjá kí Luding tó lè wo ojú ọmọ náà dáadáa. "Ìfẹ́ ẹ̀ ń bọ̀," Pasing sọ fún un. "Má fi agídí fà á."

Nísinsìnyí, Nestor ló ń gbé ọmọ wá fún wíwọ̀n, Luding á sì tẹ̀ lé e.

"Nestor, ṣé ìwọ náà ló ń fún un lọ́mú ni?" àwọn obìnrin ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ká ní ó ṣeé ṣe ni, ǹ bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín!"

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan dúró sí ẹnu géètì ibi tí a ti ń wọn ọmọ, kò wọlé. Oyún ìyàwó rẹ̀ ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ kan sẹ́yìn. Pasing fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Nestor ti gbé ọmọ lé Luding lọ́wọ́, ó ti jáde lọ bá a.