Aláìsàn Tí Mo Lọ Kí ní Ọ̀kà

Òórùn irun gbígbóná ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ọdún tí mò ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé mi. Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ńṣì kan nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí ní Ìkàrẹ́, ìwé kékeré lórí itan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ nínú báàgì, màá sì ṣe bí ẹni tó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án. Irun orí mi dára púpọ̀ lọ́dún náà. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn kì í tún un dì, nítorí mi ò lè máa wá síbẹ̀ láìdirí kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì má béèrè ohun tí mò ń wá.

Ìwádìí mi dá lórí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tàn lọ sí òkè òkun, tí wọ́n fi ṣòwò aṣẹ́wó, àti ohun tí òfin ń ṣe fún wọn tàbí tí kò ṣe nígbà tí wọ́n bá padà wálé. Lónìí, bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, àwọn ènìyàn á mi orí, wọ́n á ní iṣẹ́ ńlá ni. Nígbà náà, ìyá mi a máa sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìlera àwọn obìnrin ni mò ń kọ́. Bàbá mi, tó ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Ọ̀kà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ka ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo gbà lọ́kàn ara mi pé mo ti gbọ́n ju gbogbo wọn lọ. Ìwé lórí ìdájọ́ kún yàrá mi, mo sì lè sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan lórí ẹ̀tọ́ ẹni tí a bá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, àwọn àgbà ti sọ ìyókù.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ní kánsù Òkè-Àgbè ló júwe onídìrí náà fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ọmọ Ọ̀kà ni bíi tèmi, àmọ́ àdúgbò wa jìnnà síra, mi ò sì mọ̀ ọ́n rí. Bàbá rẹ̀ ti kú. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nínú agboolé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Aláṣọ, ló mú un rìnrìn àjò. Ó ní Ítálì ni wọ́n ń lọ, pé irun ni yóò máa dì níbẹ̀. Líbíyà ló bá ara rẹ̀, nínú ilé kan tí wọ́n ti àwọn ọmọbìnrin mọ́, tí àwọn ọkùnrin ń wá wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò béèrè irun lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lo ọdún méjì kí ìjọba tó fi ọkọ̀ òfuurufú kó wọn wálé. Nínú ilé, ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Àwọn yòókù gbà pé ogun Líbíyà ló lé e kúrò nídìí iṣẹ́ irun, wọ́n sì tún máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Aláṣọ pé ó gbìyànjú fún ọmọ òrukàn.

Ohùn kan náà ló fi ń sọ gbogbo rẹ̀. Bí oníbàárà bá wọlé, á dákẹ́, á dirí fún un tán, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé. Ọjọ́ kẹta tí mo lọ ló sọ fún mi pé òun ń múra Àkúrẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí ti wá a kàn, wọ́n fẹ́ kó wá sọ tẹnu rẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó sì ṣe ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́. Ìyá Aláṣọ mú ọmọbìnrin méjì mìíràn lọ, àwọn yẹn ti kọ̀ nítorí ẹ̀rù. Òun nìkan ló kù. Bí òun náà bá kọ̀, kò sí ẹjọ́ mọ́.

"Àǹtí, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín," ó ní, kò gbé ojú kúrò lórí irun mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá sílé wa. Tí wọ́n bá fi lè gbọ́ kí n tó dé Àkúrẹ́, ó parí nìyẹn. Wọ́n á ní ká wá jókòó sọ ọ́ nílé. Ẹbí wa lobìnrin yẹn."

Mo kọ "ẹbí" sínú ìwé mi, mo fi bírò pupa fàlà sí i nídìí. Ohun pàtàkì ni fún orí kẹrin iṣẹ́ mi. Mi ò bi í pé irú ẹbí wo.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó lọ, mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá a ní títì. Aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ pé ibà ló dá a gúnlẹ̀, ó ti tó ọjọ́ márùn-ún. Mo pe fóònù rẹ̀, kò lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í fi fóònù kí aláìsàn. Bí o bá mọ̀ pé ara ẹnì kan kò yá tí o kò yọjú, ojú wo lo fẹ́ fi wò ó nígbà tí ara rẹ̀ bá le? Mo ro ti ẹ̀bẹ̀ tó bẹ̀ mí, mo sì dá ara mi lóhùn pé ìwádìí nìyẹn kàn, pé ibà kì í ṣe ìwádìí. Mo ra ọsàn àti búrẹ́dì, mo wọ ọkọ̀ Ọ̀kà, mo béèrè ilé títí mo fi rí i.

Ẹni tí wọ́n kọ́ nílé kì í wọ agboolé kó kọrí sí yàrá aláìsàn tààrà. Bàbá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá onídìrí, ló jókòó ní pálọ̀ iwájú, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè wọlé láìgba iwájú rẹ̀ kọjá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní aláìsàn wọn ni mo wá wò. Ó béèrè pé ọmọ ta ni mí. Mo dárúkọ bàbá mi, inú rẹ̀ sì dùn, nítorí bàbá mi ló kọ́ méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé omi wá. Ó béèrè ìyá mi, ó béèrè àwọn àbúrò mi, ó béèrè bí iṣu ọdún náà ṣe rí lápá ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tí àgbà kankan ní Ọ̀kà kò béèrè lọ́wọ́ mi rí.

"Wọ́n ní ìwé ńlá lò ń kà ní yunifásítì. Kí ni ohun tí ò ń kọ́ gan-an, ọmọ mi?"

Mo lè ní ìlera àwọn obìnrin ni, bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ àgbàlagbà kan jókòó, ó tẹ́tí, ó fẹ́ mọ̀, ó sì ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń retí kí ẹnì kan nílé wa bi mí ní ìbéèrè yẹn. Mo sọ fún un. Mo ní àwọn ọmọ tí wọ́n tàn lọ sí Líbíyà àti Ítálì láti fi wọ́n ṣe aṣẹ́wó ni mò ń ṣèwádìí lé lórí. Mo ṣàlàyé bí àwọn tó ń kó wọn ṣe ń ṣe é, pé ẹni tí ọmọ náà mọ̀ dáadáa ló sábà máa ń wá tàn án. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Ká ní àwọn tó máa yẹ iṣẹ́ mi wò wà níbẹ̀ ni, wọn ì bá yìn mí. Mi ò dárúkọ onídìrí. Mo ṣọ́ra gidigidi kí n má dárúkọ rẹ̀. Mo kàn jókòó sínú ilé wọn ni, pẹ̀lú ọsàn tí mo rà fún un lórí itan mi.

Bàbá pa rédíò.

"Iṣẹ́ ńlá ni," ó ní. "Ọlọ́run á tì ọ́ lẹ́yìn. Àbúrò rẹ ń bẹ ní yàrá ẹ̀yìn."

Ó gbàdúrà fún mi, mo sì ṣe àmín. Nígbà tí onídìrí rí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó gbìyànjú láti dìde, kò lè dìde. "Ta lẹ bá ní pálọ̀?" ló fi kí mi káàbọ̀. Mo ní Bàbá ni, mo ní wọ́n ní ọ̀yàyà gan-an. Ó yí ojú sí ògiri. Mo gbà pé ibà ló ń dà á láàmú, mo gbé ọsàn kalẹ̀, mo sì padà sí Ìkàrẹ́ tayọ̀tayọ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kó o bá ẹlòmíràn. Àbúrò ìyàwó Bàbá ni Ìyá Aláṣọ. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, Bàbá ti ránṣẹ́ pè é, ó ti pe àwọn àgbà ẹbí méjì wá láti Ìfira, wọ́n sì ti jókòó. Mi ò sí níbẹ̀. Ìyá onídìrí ló ròyìn rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní kò sẹ́ni tó pariwo. Bàbá bi ọmọ náà bóyá òótọ́ ni, ó ní òótọ́ ni, Bàbá sì sunkún. Mo ti gbìyànjú láti kórìíra bàbá yẹn, ẹkún tó sun kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ìyá Aláṣọ wólẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ní iṣẹ́ èṣù ni, pé òun náà kò mọ ohun tí wọ́n máa fi ọmọ ṣe. Àwọn àgbà ní bí a ń jà, bí í ká kú kọ́. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé Àkúrẹ́, ọkọ wo ni yóò fẹ́ ọmọ wọn? Onídìrí, tí ibà ṣì wà lára rẹ̀, kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó tà á, ó ní òun ti dárí jì wọ́n.

Ọjọ́ tó yẹ kó wà ní Àkúrẹ́ ló wá bá mi ní ọ́fíìsì kékeré tí wọ́n fún mi ní yunifásítì. Ó ti rù. Mo fa àga fún un, kò jókòó. Mo ti ń ronú bí màá ṣe bẹ̀ ẹ́ bó bá bú mi. Kò bú mi.

"Ẹ pa ohùn mi rẹ́," ó ní.

Màá sọ ohun tí mo ṣe, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi pamọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ohùn rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi tó wákàtí mẹ́fà, orí kẹrin iṣẹ́ mi kò sì ní nǹkan mìíràn nínú. Mo ní mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò ní dárúkọ ìlú, màá yí ọjọ́ orí rẹ̀ padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo tún mú fọ́ọ̀mù tó fọwọ́ sí jáde, mo fi ibi tí a kọ gbogbo rẹ̀ sí hàn án. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Àǹtí, Bàbá ti mọ̀. Ta lẹ tún fẹ́ fi orúkọ mi pamọ́ fún?"

Mo pa á rẹ́. Ó dúró tì mí títí mo fi pa á rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó dàbọ̀, ó jáde.

Mo kọ orí kẹrin mìíràn, mo sì gba oyè. Ní ọdún kejì, obìnrin wẹ́fíà Òkè-Àgbè sọ fún mi pé Ìyá Aláṣọ ti tún mú ọmọbìnrin kan lọ, ọmọ Etíoro. Mi ò gbọ́ bóyá ìyẹn padà wálé. Onídìrí ti lọ́kọ báyìí, ó bímọ méjì, bí a bá pàdé lọ́jà Ìkàrẹ́, a máa ń kí ara wa, a sì máa ń béèrè àwọn ọmọ. Nígbà tí Bàbá kú, mo lọ síbi òkú. Ìyá Aláṣọ ló gbé oúnjẹ fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi náà ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Lọ́dọọdún, ọ̀kan nínú wọn máa ń béèrè bóyá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa rí. Màá ní ọ̀kan fẹ́ ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò dé kóòtù. Wọ́n á mú bírò, wọ́n á máa dárúkọ ohun tó fà á: ẹ̀rù, ìtìjú, ẹbí, òfin tí kò lágbára. Màá ní òótọ́ ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ ló tọ̀nà. Èyí tí mi ò tíì ní kí wọ́n kọ ni pé àgbàlagbà kan bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú, mo sì dá a lóhùn.