Ìbodè Orí Àtẹ̀gùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀ tí mo bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, àjà kẹrin la ń gbé ní Peckham, nílùú òyìnbó. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà níbẹ̀, ẹ ó rántí: lífíìtì tó ń bàjẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òórùn dòdò láti ilé kan, ata díndín láti ilé kejì. Tí a bá ti fọ abọ́ tán, tí a gbálẹ̀, ó di orí àtẹ̀gùn nìyẹn.

Ará Palẹ́sítínì làwọn tó kọjú sí wa. Bàbá Sàlímà là ń pe bàbá wọn, torí bíi tiwa náà ni tiwọn, orúkọ ọmọ ni wọ́n fi ń pe òbí. Ìyá Sàlímà a máa gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ gbígbóná wá fún wa, màmá mi a sì fi mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ náà padà. Sàlímà, ọ̀rẹ́ mi, ló kọ́ wa ní eré ìbodè.

Eré náà ò le. Ẹnì kan á di ṣọ́jà, á mú igi ìgbálẹ̀ dúró lókè àtẹ̀gùn. Àwa yòókù á tò nísàlẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àlòkù lọ́wọ́. Ṣọ́jà á wò ó, á ní "Kọjá," tàbí "Padà, ó dọ̀la." Kò sídìí kankan. Ìyẹn gan-an ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la fẹ́ ṣe ṣọ́jà.

Lọ́dún yẹn, ìyá Bàbá Sàlímà ń ṣàìsàn nílé lọ́hùn-ún. Bàbá Sàlímà ti wá àṣẹ títí láti wọlé lọ wò wọ́n, wọn ò rí i gbà. A máa ń gbọ́ wọn lórí fóònù, tí wọ́n ń pariwo bíi pé ohùn ló máa gbé wọn débẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, lífíìtì tún kú. Bàbá Sàlímà ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú báàgì ọjà lọ́wọ́ méjèèjì. Sàlímà ló wà lórí oyè ṣọ́jà. Ló bá na igi dábùú wọn.

"Ìwé dà?"

Wọ́n gbé ẹrù sílẹ̀, wọ́n wá àpò wọn, wọ́n fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì.

"Padà, Bàbá. Ó dọ̀la!"

A bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí wọ́n ṣe gbé ẹrù wọn, tí wọ́n yí padà lóòótọ́, tí wọ́n ń sọ̀kalẹ̀. A dúró, a dúró, wọn ò gòkè mọ́. Igi bọ́ lọ́wọ́ Sàlímà.

Màmá mi tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ló bá wọn níbi tí wọ́n jókòó sí nísàlẹ̀, ojú wọn ti pọ́n. Ẹ mọ ìyókù. "Ẹ kúnlẹ̀! Ẹ gbọ́wọ́ sókè! Ọmọ tí ò mọ ohun tó ń dun àgbà!" Ilẹ̀ tutù lórúnkún wa bíi yìnyín.

Bàbá Sàlímà fúnra wọn ló ní ká dìde. Wọ́n jókòó sáàárín wa. "Ẹ ò ṣe eré yẹn dáadáa," ni wọ́n wí. "Ẹ gbàgbé oko."

Wọ́n ní kí ìbodè tó wà, ìjọba tó ń fi ṣọ́jà jọba lé wọn lórí ti gba oko bàbá àwọn, wọ́n ti ń kọ́lé fáwọn ẹlòmíì síbẹ̀. Wọ́n gba omi mọ́ oko. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù ni kí òun jí ní ìdájí, kí òun tò lẹ́nu ìbodè, kí òun lè lọ po sìmẹ́ǹtì fún ilé tí wọ́n ń kọ́ sórí ilẹ̀ bàbá òun. Àwọn ń san owó orí fún ìjọba tí àwọn ò lè dìbò yàn.

"Ẹni tó bá wo tẹlifíṣọ̀n á rò pé òkúta táwọn ọmọ wa ń jù lu ṣọ́jà ló bẹ̀rẹ̀ ìjà. Rárá. Títò yẹn ni. Lọ́jọ́ kan, ó sú wa. Oníṣọ́ọ̀bù tilẹ̀kùn, òṣìṣẹ́ jókòó sílé, màmá mi gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé ká má baà ra ti ìjọba yẹn."

Sàlímà ní, "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ẹ kọjá lọ wo Màmá Àgbà?" Wọ́n fọwọ́ pa á lórí. Kí ọdún tó yí, ìyá náà kú; orí fóònù ni Bàbá Sàlímà ti gbọ́ àdúrà ìsìnkú wọn.

Nígbà náà, tíkẹ́ẹ̀tì bébà là ń mú wọ bọ́ọ̀sì. Lónìí, káàdì ni. Nígbà náà, àgbà ló ń gbọ́ ìròyìn. Lónìí, orí fóònù lọmọ mi ti ń rí i kí n tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. "Mummy, kí ló dé tí wọ́n ń ju òkúta?" Oko ni mo ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé fún un.

Tí a bá lọ kí màmá mi, orí àtẹ̀gùn yẹn náà lọmọ mi ti ń ṣeré. Bàbá Sàlímà ti darúgbó. Tí wọ́n bá ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á yọ káàdì bọ́ọ̀sì àwọn àgbàlagbà, wọ́n á nà án sí i, wọn ò ní rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi á yẹ̀ ẹ́ wò níwá lẹ́yìn. Ní gbogbo ìgbà ni mo máa ń dúró wò wọ́n.

"Ẹ kọjá, Grandpa," ló máa ń wí, á sì bá wọn gbé báàgì kan.